Ẹ̀rọ tó ń fi iná ti fúlọ́ráìdì wọ eyín: mítà ń ka 0.5, eyín ṣì ń kan

Ìyàrá_Kejì béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ iontophoresis, ìyẹn fífi iná díẹ̀ ti oògùn wọ ara, ni mo gbé wá. Eyín kíkan la fẹ́ fi wò, èyí tí erìgì ti sún kúrò nídìí rẹ̀ tí omi tútù kò ṣeé mu mọ́. Sodium fluoride 2% la fi ń rin òwú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀rọ náà, a sì ń gbé e sí 0.5 mílíámpù fún ìṣẹ́jú 2 lórí eyín kọ̀ọ̀kan. Mítà á ka 0.5 gééré, ẹni tó wà lórí àga kò ní mọ nǹkan kan lára. Tí a bá wá fẹ́ atẹ́gùn sí i, bó ṣe ń kan án tẹ́lẹ̀ náà ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, mítà kò ní kúrò lójú òdo rárá. Kí là ń ṣì ṣe?

Èkejì: jẹ́ẹ̀lì fúlọ́ráìdì olómi kíkan ló pọ̀ nílẹ̀. Ṣé a lè lò ó dípò?

ÒwúGbígbẹ dáhùn:

Mítà yẹn kò parọ́. Iná tó ń yí po láti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì dé ọwọ́ ẹni tó wà lórí àga, èyí tó di irin kejì ẹ̀rọ náà mú, ló ń kà, kò mọ ibi tó gbà kọjá. Erìgì tí itọ́ ti rin sì rọ̀ fún iná ju eyín lọ fíìfíì. Bí òwú búrọ́ọ̀ṣì bá ti fara kan erìgì, tàbí tí omi fúlọ́ráìdì bá ṣàn dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa bá lọ. Àmì rẹ̀ lẹ ti sọ fúnra yín: mítà sáré dé 0.5 láìjanpata, ẹni náà ò sì mọ nǹkan kan. Tí iná bá ń gba inú eyín lóòótọ́, ó sábà máa ń sọ pé ó ń ta òun díẹ̀ kí ẹ tó dé 0.5.

Ìmúra ló wà nídìí iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ họ ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ eyín kúrò. Tí rubber dam (rọ́bà pẹlẹbẹ tí a fi ń ya eyín sọ́tọ̀ kúrò lára itọ́) bá lè dúró, ẹ lò ó. Àmọ́ ojú ibi tó ń kan sábà máa ń wà létí erìgì gan-an, dam kì í sì í mú níbẹ̀. Ẹ fi òwú dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ nu erìgì gbẹ, kí ẹ fi Vaseline fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á. Erìgì nìkan o! Bí Vaseline bá kan gbòǹgbò eyín tó hàn síta, ẹ ti dí ojú ọ̀nà fún iná àti oògùn pa pọ̀. Tí irin tí wọ́n fi dí eyín tàbí adé onírin bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ki ọ̀já oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín méjèèjì, nítorí irin á gba iná náà dànù lọ sínú erìgì.

Eyín fúnra rẹ̀, òwú ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má fi atẹ́gùn gbẹ ẹ́ títí á fi funfun bí ẹfun. Omi tó wà nínú àwọn ihò wínníwínní inú déńtìn (ara eyín tó wà lábẹ́ èèpo òde rẹ̀) ni iná ń gùn kọjá. Tí wọ́n bá gbẹ tán, kò sí ọ̀nà. Òwú búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ rin, kò gbọdọ̀ kán: ẹ fún un sí etí abọ́ títí tí kò fi ní ro mọ́.

Ti ojú òdo, ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọwọ́ gbígbẹ, tàbí èyí tó kún fún ìpara, kì í jẹ́ kí iná yí po. Ẹ fi aṣọ bándéèjì tí ẹ ti rì sínú omi oníyọ̀ wé irin náà, kí ẹni náà dì í mú dáadáa, kí ó sì bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀.

Láti òdo ni kí ẹ ti máa gbé e díẹ̀díẹ̀. Tó bá ta á, ẹ dín in kù títí tí kò ní ta mọ́, kí ẹ fi àkókò dí i: 0.25 fún ìṣẹ́jú 4 àti 0.5 fún ìṣẹ́jú 2, ọgbọọgba ni. Ẹ dá a padà sí òdo kí ẹ tó gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò. Ẹni tí wọ́n bá já búrọ́ọ̀ṣì kúrò leyín rẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní 0.5 máa ta gìrì lórí àga.

Wáyà_àti_Mítà dáhùn:

Mo fara mọ́ ti òkè, ṣùgbọ́n ẹ yẹ okùn wò náà. Fúlọ́ráìdì gbé iná nẹ́gátíìfù. Iná tó jọra a máa lé ara wọn, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì ní láti wà lójú nẹ́gátíìfù, kí irin ọwọ́ wà lójú pọ́sítíìfù. Tí ẹnì kan bá ti pààrọ̀ okùn rí tó sì gbé e sódì, ńṣe lẹ̀ ń fa fúlọ́ráìdì padà sínú òwú, mítà á sì máa ka 0.5 rẹ̀ lọ láìbìkítà. Ẹ má gba àwọ̀ pupa àti dúdú gbọ́. Ẹ fi mọ́tímítà (ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná) wọn fóltì: okùn pupa mítà sára búrọ́ọ̀ṣì, dúdú sára irin ọwọ́. Àmì ìyọkúrò (−) ló yẹ kó yọ níwájú nọ́ńbà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ so rẹ̀sísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́nà) 10 kílóòmù mọ́ àárín okùn méjèèjì, kí ẹ gbé ẹ̀rọ sí 0.5. Fóltì 5 ló yẹ kí mọ́tímítà kà lórí rẹ̀. Tó bá ka 3, ẹ̀rọ náà ń sọ ju ohun tó ń fúnni lọ. Bátìrì ni ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè fò: bátìrì nìkan ni kí ó gbé iná fún irú ẹ̀rọ yìí. Ẹni tó bá so ó mọ́ ṣájà ògiri torí pé bátìrì tán, ẹnu ènìyàn ló ń so mọ́ iná ilé.

Fúlọ́ráìdì_2% dáhùn:

Rárá fún jẹ́ẹ̀lì. Ó kan (pH rẹ̀ tó nǹkan bí 3.5), déńtìn tó hàn síta kò sì nílò omi kíkan. Fọ́sífeètì inú rẹ̀ pẹ̀lú gbé iná nẹ́gátíìfù, òun náà á máa bá fúlọ́ráìdì du ọ̀nà, ara iná tẹ́ ẹ ní á wá lọ sórí ohun tí ẹ ò fẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí 1.23% fúlọ́ráìdì inú jẹ́ẹ̀lì tàn yín. Omi 2% yín ní mílígíráàmù 9 fúlọ́ráìdì nínú mílílítà kan, ó ti pọ̀ tó. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí: 0.5 mílíámpù fún ìṣẹ́jú 2 jẹ́ kúlọ́ǹbù 0.06 (kúlọ́ǹbù ni a fi ń ka àpapọ̀ iná tó kọjá). Bí fúlọ́ráìdì nìkan bá tilẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀, kò lè ju màíkírógíráàmù 12 lọ. Iye iná àti àkókò ló ń pinnu, kì í ṣe bí oògùn ṣe nípọn tó.

Tí ẹ bá ń pò ó fúnra yín: gíráàmù 2 nínú omi tí a sè tó di oru tí a tún gbà padà, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílílítà 100. Omi kànga tàbí ti bọ́ho ní kálísíọ̀mù. Á mú fúlọ́ráìdì, omi á dà bíi wàrà díẹ̀, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Inú ike ni kí ó wà, torí fúlọ́ráìdì a máa jẹ dígí. Ẹ tìlẹ̀kùn mọ́ ọn: fún ọmọ tó wọn kílò 20, mílílítà 11 péré ti tó láti sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ẹ tọ́jú gbọ́dọ̀ tutọ́, kò gbọdọ̀ gbé e mì.

Ẹni tó ní pacemaker (ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn) láyà, ẹ má gbé e sún mọ́ ọn. Aboyún, ẹ fi í sílẹ̀. Eyín tí ìrora rẹ̀ ń pẹ́ lẹ́yìn tí omi tútù ti kúrò, tàbí tó ń jí ènìyàn lóru, ìyẹn kì í ṣe eyín kíkan mọ́. Inú eyín ló ti wú.

Ìyàrá_Kejì:

Ẹ ṣeun gan-an. Òwú la ń jẹ́ kó kán o, mo ti rí i. Ẹnì kan tún ń sọ pé iná yìí náà ni wọ́n fi ń dí ihò eyín láìgbẹ́ ẹ ní Ìlú Ọba. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÒwúGbígbẹ:

Ìbátan rẹ̀ ni. King's College London ló kéde rẹ̀ lọ́dún 2014, wọ́n dá iléeṣẹ́ Reminova sílẹ̀ ní Perth, ní Scotland, láti gbé e jáde. Kálísíọ̀mù àti fọ́sífeètì ni wọ́n ní àwọn á máa fi iná tì wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ojú ibi tó bàjẹ́ mọ́. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà, tó funfun bí ẹfun tí kò tíì là, ni mo rò pé ó bá mu jù. Iná kò lè dá ìrísí eyín tó ti wó padà. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe òun, ẹ má fi dán an wò.

Tó bá sì jẹ́ eyín kan ṣoṣo ló ń kan ènìyàn, fáníìṣì (oògùn kíkùn tó ń lẹ̀ mọ́ eyín) sodium fluoride 5% lèmi á kọ́kọ́ fi kùn ún. Kò gba bátìrì, kò gba Vaseline, ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹ gbé ẹ̀rọ jáde tí ìyẹn bá kọ̀.