Ìyá àwọn ọmọ mi ti kó lọ sí Oǹdó, báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń lọ ní ilé ìwé àti ọsibítù wọn?

BàbáÀwọnỌmọ:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ti pínyà láti èṣí, a ò jà mọ́ lórí ìyẹn, kò tiẹ̀ sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Òun àtàwọn ọmọ wà ní Oǹdó, lápá Yaba, èmi ṣì wà ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́ níbí. Obìnrin ni èyí àgbà, ó ti pé ọdún 10, ó máa tó ṣe common entrance. Ọkùnrin ló tẹ̀lé e, ọmọ ọdún 6, SS ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ìyẹn sickle cell, òun gan-an ló jẹ́ kí n máa tẹ nǹkan lóru báyìí.

Mò ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, kò sẹ́ni tó máa sọ pé mi ò ṣe é, àmọ́ ó ti wá dà bíi pé àláàtì bánkì ni mo jẹ́ sí wọn. Tí wọ́n bá ṣe open day, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń gbọ́. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí crisis, ìrora SS yẹn, gbé ọmọkùnrin yẹn, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, ó ti ń jẹ bísíkíìtì lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹnikẹ́ni tó rántí pè mí. Mo pe ilé ìwé, ẹni tó gbé fóònù ní kò sí nọ́ńbà mi nínú fọ́ọ̀mù ọmọ náà, pé àwọn ò lè bá mi sọ nǹkan kan. Mo bi ìyá wọn, ó ní ṣé mò ń ṣọ́ òun ni. Mo bi ọmọ, ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ mọ́mì.

Bọ̀ọ̀dá kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n lọ kó àwọn ọmọ mi wálé jàre, pé bàbá ló lọmọ. Mi ò fẹ́ gba ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú ẹ̀, báwo lẹ ṣe ṣe é?

TíṣàOǹdó:
Ẹ kú ìrọ́jú sà. Tíṣà ni mí ní Oǹdó níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Ilé ìwé ò kórìíra bàbá o. Ẹni tó mú ọmọ wá ló ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹni tó bá sì kọ síbẹ̀ la mọ̀. Ta ló mọ̀ bóyá bàbá ni ẹni tó ń pè lórí fóònù? Tá a bá ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ fún ohùn tá ò rójú ẹ̀, lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ àwa náà la máa jẹ̀bi.

Torí náà ẹ má fi fóònù bẹ̀rẹ̀, ẹ wá fúnra yín. Kì í ṣe ní àárọ̀ tí gbogbo èèyàn ń já ọmọ sílẹ̀, ẹ wá lẹ́yìn bíréèkì, ẹ mú ìwé ìbí àwọn ọmọ dání níbi tí orúkọ yín wà, ẹ ní ẹ fẹ́ rí headmistress. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ àti nọ́ńbà yín kún fọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi yín sí gúrúùpù WhatsApp kíláàsì àwọn ọmọ, kí wọ́n sì máa ṣe rìsọ́ọ̀tì méjì, ọ̀kan fún yín. Àwọn òbí tí ò gbé pọ̀ ti wá kún inú kíláàsì wa, kò sí ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ mọ́. Ẹ kàn sọ fún ìyá wọn ṣáájú pé ẹ ń bọ̀. Kì í ṣe pé ẹ ń tọrọ àyè o, kó má báa jẹ́ pé ẹnu gétímáànù ló ti máa gbọ́ ni.

Owó ilé ìwé, ẹ san án tààrà sínú àkáǹtì ilé ìwé, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Àmọ́ ẹ má ṣe bíi bàbá kan tó ní torí òun lòun sanwó, ká má fún ìyá ọmọ ní rìsọ́ọ̀tì. Ọmọ yẹn dúró síbẹ̀ tòun ti báàgì lọ́rùn, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ti SS yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbájú mọ́. Ọmọ tó bá ní in gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, á sì máa tọ̀ léraléra. Tíṣà tí ò mọ̀ á ní "jókòó, ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tọ̀ọ́lẹ́ẹ̀tì dé", ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi torí kí wọ́n má báa pariwo mọ́ ọn. Ẹ kọ lẹ́tà, ojú ewé kan ti tó: omi, tọ̀ọ́lẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà nígbà ọyẹ́, kò gbọ́dọ̀ sáré títí agara á fi dá a nínú inter-house, ohun tí wọ́n máa ṣe tó bá ní ara ń ro òun, nọ́ńbà ẹ̀yin méjèèjì. Ní September tó bá ti yí kíláàsì padà, ẹ tún fún tíṣà tuntun ní tiẹ̀, torí lẹ́tà èṣí ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹlòmíì nìyẹn.

Kòsẹ́niABá:
Gbogbo àlàyé yìí fún ọmọ tèèyàn bí. Ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó ò gba wákàtí kan. Lọ gbé ọmọ ẹ, kí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:
@Kòsẹ́niABá tí crisis bá gbé e láàárín òru, ṣé ìwọ lo máa dúró tì í?

Bàbá wa, ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ ya fọ́tò káàdì ọsibítù ọmọ náà, ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kó wà nínú fóònù yín. Folic acid ẹ̀, Paludrine ẹ̀ tó ń dènà ibà, iye tó ń lò, ìgbà tí wọ́n fún un lẹ́jẹ̀ gbẹ̀yìn tí wọ́n bá ti fún un rí. Tó bá wá lo ọlidé lọ́dọ̀ yín, ẹ má dúró de kí ìyá ẹ̀ kó oògùn sí báàgì, ẹ ra tiyín sílé, pẹ̀lú tẹmómítà. Ibà tó bá ti dé 38.5, ẹ má fún un ní paracetamol kẹ́ ẹ wá sùn, ọsibítù ni, lóru yẹn náà. Ara wọn kì í dúró de ilẹ̀ mọ́.

Tẹ́ ẹ bá wà lórí NHIA, ìyẹn insurance ìlera ìjọba, níbi iṣẹ́ yín, àwọn ọmọ yín wà lábẹ́ ẹ̀, títí dé ọmọ mẹ́rin tí ò tíì pé ọdún 18. Ọ̀pọ̀ bàbá ò rántí pé ọsibítù ìlú tí àwọn wà ni wọ́n kọ àwọn ọmọ sí. Ẹ lọ wò ó, kí wọ́n gbé tiwọn lọ sí Oǹdó. Obìnrin tó ń sanwó káàdì lápò ara ẹ̀ nígbà tí bàbá ọmọ ní insurance, ẹ ò lè dá a lẹ́bi tó bá ń kanra.

Èyí àgbà náà ti tó gba abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń gún un fún, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní October 2023, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bi ìyá ẹ̀ bóyá ó ti gbà á.

Akọ̀wéKóòtù:
Lórí "lọ gbé ọmọ ẹ" yẹn: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti wà láti 2003, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tiwọn ní 2007. Ire ọmọ ló ṣáájú níbẹ̀, kì í ṣe bàbá ló lọmọ, kì í ṣe ìyá ló lọmọ. Kẹ́ni kan lọ já ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí tó ń tọ́jú ẹ̀ láìjẹ́ pé òbí yẹn fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin yìí kan náà.

Tó bá jẹ́ registry lẹ ti ṣègbéyàwó, High Court ni ọ̀rọ̀ yín máa lọ, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ti 1970. Tó bá jẹ́ ìdána nìkan, kóòtù kọ́sítọ́márì. Tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí kóòtù fọwọ́ sí i. Àwọn èèyàn máa ń kọ "bàbá lè máa rí ọmọ" wọ́n á wá tì í síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ yanjú: rìsọ́ọ̀tì, ìpàdé PTA, ẹni tó máa kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n bá dá ọmọ dúró sí ọsibítù, ẹni tó lè fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ, ọlidé wo ló jẹ́ ti ta. Ẹni tí ò bá lówó lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council, wọ́n wà ní Àkúrẹ́.

Mọ́míDéjì:
Èmi ni mo wà lápá ibi tí ìyàwó yín tẹ́lẹ̀ wà, torí náà ẹ gbọ́ tèmi. "Ṣé ẹ̀ ń ṣọ́ mi ni", mo ti sọ ọ́ rí dáadáa. Kì í ṣe ìbéèrè ló ń bí wa nínú, ìgbà tó ń dé ni. Èèyàn á ti jókòó sórí àga onígi ní ọsibítù mọ́jú, ọmọ ń ké ẹsẹ̀, dókítà ní kẹ́ ẹ lọ wá ẹ̀jẹ̀, fóònù á wá dún lówùúrọ̀, "kí ló fà á? kí lo fún un jẹ? kí ló dé tó ò pè mí?" Bíi ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tí ò ní kanra.

Ẹ yí i padà. "Kí ni dókítà sọ, kí ló kù láti rà, ọjọ́ wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá, ṣé kí n mú un lọ lọ́jọ́ náà?" Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá mú un lọ klíníìkì fúnra yín, tẹ́ ẹ jókòó lórí ìlà láti aago méje, tẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí dókítà ń sọ, kò tún sí ohun tẹ́ ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun náà á ti sùn díẹ̀. Bàbá Déjì bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní báyìí òun ló mọ orúkọ gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ ń ṣàṣejù.

Kẹ́ ẹ sì ní chat kan tó jẹ́ ti ọmọ nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ilé àti ẹbí tó bú ara wọn, ẹ gbé e lọ síbòmíì.

BàbáÀwọnỌmọ:
Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti lọ wo NHIA yẹn, lóòótọ́ Àkúrẹ́ ni mo kọ gbogbo wọn sí. Mo sì ti tẹ ìyá wọn láago pé mò ń bọ̀ ní ilé ìwé ní Thursday, ó ní kò burú, pé tí mo bá ń bọ̀ kí n mú súwẹ́tà ọmọ tó gbàgbé sọ́dọ̀ mi dání. TíṣàOǹdó, tí mo bá dé, ṣé kí àwọn ọmọ rí mi àbí kí n ṣe ohun tí mo wá ṣe kí n máa lọ?

TíṣàOǹdó:
Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín sà, ẹ sọ fún HM kó pè wọ́n wá sí ọ́fíìsì. Ẹ má ṣáà mú wọn jáde ní géètì láìjẹ́ pé ìyá wọn ti pè wá. Ẹ dé kó tó di aago kan, ọ̀pọ̀ HM ló máa ń jáde lọ ìpàdé lọ́sàn-án.