Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń gbéyàwó fún òkú láwọn abúlé Ṣáínà?

Ọmọ_Àlàdé:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí ò jẹ́ kí n róorun sùn. Mo ń wo fídíò lórí fóònù lánàá, ọ̀kan ń fa èkejì wá, àfìgbà tí mo bá ara mi lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa àṣà àwọn ará oko ní Ṣáínà, ó ní bí ọmọkùnrin bá kú láìní aya, àwọn òbí ẹ̀ á lọ wá òkú ọmọbìnrin rà, wọ́n á fi alárinà sí i, wọ́n á san owó orí, wọ́n á sì sin àwọn méjèèjì pọ̀ bíi tọkọtaya. Kò tíì tán o. Ó ní àwọn àwòrò kan wà tó ń kó òkú rìn lóru, àwọn òkú á tò tẹ̀lé wọn, wọ́n á máa fẹsẹ̀ fò. Ó wá fi àwòrán ọkùnrin kan hàn tí àáké há sí níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, ó sì jókòó sórí ọkọ̀, ó ń wò wá. Ni mo bá pa fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, èwo ni òótọ́ níbẹ̀, èwo ni irọ́ àwọn tó kàn ń wá ẹni tó máa wo fídíò wọn? Mi ò bèèrè ìwàásù o, ẹ má bínú.

Bàbá Tísà:

Àlàdé ọmọ mi, èyí tó jọ irọ́ jù lójú ẹ gan-an ló jẹ́ òótọ́ jù. Minghun ni wọ́n ń pe ìgbéyàwó òkú yẹn, ìhà àríwá ló sì ti wọ́pọ̀, láwọn ìpínlẹ̀ bíi Shanxi, Shaanxi, Hebei, Henan, títí dé Shandong. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìlànà ààfin wọn láyé àtijọ́ ti kà á léèwọ̀, ta ló sì ń ṣòfin lórí ohun tẹ́nikẹ́ni ò ṣe?

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Cao Cao, ọ̀gágun tí ìjọba wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn, ọmọ ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Cao Chong kú lọ́dún 208, ọmọ ọdún 13 péré, ọmọ tórí ẹ̀ pé gan-an ni (òun ló ronú bí wọ́n á ṣe mọ bí erin ṣe wúwo tó, wọ́n gbé erin sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sàmì síbi tí omi dé, wọ́n wá ń kó nǹkan mìíràn sínú ọkọ̀ yẹn títí omi fi padà dójú àmì, wọ́n sì wọn àwọn nǹkan yẹn). Ọkàn bàbá ẹ̀ gbọgbẹ́. Ó gbọ́ pé ọmọbìnrin Bing Yuan, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ẹ̀, náà ti kú, ó ní kó jẹ́ káwọn sin àwọn ọmọ méjèèjì pọ̀. Bing Yuan ní rárá, kò bá ìlànà mu, òun ò ní ṣe é. Ẹ wo àyà! Cao Cao yẹn kì í ṣe ẹni téèyàn ń sọ rárá fún. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ gba òkú ọmọbìnrin kan nínú ìdílé Zhen.

Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé lójú wọn, ẹni tó kú láìlọ́kọ láìláya kò tíì di èèyàn tán, kò ní sinmi lọ́hùn-ún, ìbínú ẹ̀ á sì padà sílé. Sàréè tó dá wà nínú ilẹ̀ ìsìnkú ìdílé, wọ́n gbà pé ó ń kó ibi bá àwọn tó kù, bóyá àbúrò ẹ̀ ò ní rọ́mọ bí, bóyá òwò ò ní lọ. Ti obìnrin tún wá le jù, torí ọmọbìnrin ò ní ìjókòó níbi pẹpẹ àwọn baba-ńlá bàbá ẹ̀, ilé ọkọ lorúkọ ẹ̀ ń lọ, bí ò bá wá délé ọkọ, ta ni á máa bọ ọ́? Nítorí náà ọ̀pọ̀ òbí tó ń ṣe é, àánú ọmọ wọn ló ń ṣe wọ́n, kì í ṣe ìkà. Ibi tọ́rọ̀ já sí lẹ́yìn náà ló ń dẹ́rù bani, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Àdùkẹ́_Xian:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ó dàgbà sí i. Shaanxi níbí ni mo ti ń kàwé, ibi tẹ́ ẹ dá a dúró sí ni mo ti máa gbà á.

Owó ló bà á jẹ́. Tẹ́lẹ̀, ìdílé méjì tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni wọ́n ń bára wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ èédú ni Shanxi, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń wọ inú kòtò èédú, kòtò ń wó mọ́ wọn, gáàsì ń bú gbàmù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ò sì tíì gbéyàwó. Wọ́n á sanwó gbà-má-bínú fáwọn òbí, àwọn òbí á gbé owó yẹn, wọ́n á ní ọmọ àwọn ò gbọdọ̀ dá sùn. Òkú ọmọbìnrin sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ rántí òfin ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní fún tọkọtaya títí di ọdún 2015, àwọn kan ń ṣẹ́ oyún tí wọ́n bá ti gbọ́ pé obìnrin ni, débi pé nígbà ìkànìyàn ọdún 2010, ọmọkùnrin bíi 118 ni wọ́n ń bí sí ọmọbìnrin 100. Alààyè gan-an ò kárí, ká má wá sọ òkú. Bó ṣe di pé nígbà tó fi máa di ọdún 2016, òkú ọmọbìnrin kan ń tó 100,000 yuan, owó wọn, láwọn ibì kan ní Shanxi nìyẹn, èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tó sì jẹ́ ọ̀dọ́ ló wọ́n jù.

Tówó bá sì ti wọ nǹkan, olè á tẹ̀lé e. Ní àgbègbè Hongtong, Shanxi náà ni, wọ́n jí òkú hú débi pé àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í da sìmẹ́ǹtì lé sàréè ọmọbìnrin wọn, àwọn kan gba ọdẹ, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ gbé e jìnnà, ìtòsí ilé ni wọ́n sin ín sí kójú wọn lè máa tó o. Ọmọ ẹ kú, o tún wá ń ṣọ́ ọ lóru. Lọ́dún 2016 ọlọ́pàá Shaanxi mú ọkùnrin kan, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó pa obìnrin méjì tí ọpọlọ wọn ò pé kó lè rí òkú wọn tà. Mi ò fẹ́ pẹ́ lórí ìyẹn.

Òfin wà o. Abala 302 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wọn ní ẹni tó jí òkú lè lọ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún 3, wọ́n sì fi egungun àti eérú òkú kún un lọ́dún 2015, torí òkú nìkan ni òfin dárúkọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi ọdún 3 sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ fi 100,000 yuan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ní ti ọkùnrin aláàáké yẹn, Àlàdé, fọkàn balẹ̀, eré ni. Xue shehuo ni wọ́n ń pè é, ní Chisha, lágbègbè Baoji, kò jìnnà sí wa rárá. Oṣù kìíní wọn ni wọ́n ń ṣe é, lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo lọ wò ó, mo sún mọ́ ọ̀kan nínú wọn débi pé mo lè fọwọ́ kàn án: sísọ́ọ̀sì wọnú ojú òsì ẹ̀ dé ìdí, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní àgbọ̀n ẹ̀, ojú ọ̀tún sì là rekete ó ń wò mí, ó ń rọra mí. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, dòjé ló há sí i lágbárí. Ọmọ kékeré kan dúró síwájú wọn, ó ń lá súìtì ẹ̀, kò sóhun tó kàn án. Ìtàn Wu Song ni wọ́n ń ṣe, alágbára kan tó gbẹ̀san ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lára Ximen Qing àti àwọn èèyàn ẹ̀, gbogbo àwọn tẹ́ ẹ rí tí irin há sí lórí, àwọn ẹni ibi inú ìtàn náà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń fi irin yẹn há ara, ìdílé díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, wọn kì í sọ fún ará ìta, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́rí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ara wọn.

Kò_Sí_Wàhálà:

Ẹ̀yin ń ṣàlàyé, èmi ń sá lọ. Ìwà ẹranko lèyí jàre, kí ni ẹ ń pè ní àṣà níbẹ̀? Àwọn tó gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sínú òṣùpá náà nìyẹn?

Bàbá Tísà:

Kò_Sí_Wàhálà, rọra. Ilẹ̀ yẹn tóbi, ọ̀pọ̀ ará Shanghai ni ò fojú ara wọn rí i rí, inú ìròyìn làwọn náà ti ń kà á bíi tiwa. Látìgbà táwọn Kọ́múníìsì ti gbàjọba lọ́dún 1949 ni wọ́n ti ń lépa ẹ̀. O sì ka ohun tí Bing Yuan ṣe, ó ti lé ní ọdún 1,800, àwọn tó kọ̀ ọ́ wà láàárín wọn nígbà yẹn náà.

Ìyá Bùsáyọ̀:

Ẹ jẹ́ kémi náà dá sí i. Guangzhou ni mo ti máa ń rajà, ọmọbìnrin tó ń bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọmọ Jiangxi ni, nígbà kan tí wọ́n wà nínú họlidé ó ní kí n ká lọ kí ìyá àgbà òun lábúlé. A dé ibẹ̀, wọ́n fún mi ní àga, mo jókòó, bí mo ṣe yíjú báyìí, pósí dúdú ni mo rí ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà títí ó ń dán, àpò ìrẹsì wà lórí ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ gbé mi jáde. Ìyá yẹn rí ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dìde ó fọwọ́ gbá pósí náà pẹ́pẹ́, ó ní tòun ni, àwọn ọmọ òun ló ra igi ẹ̀ fóun. Ọmọ tó bá ra pósí sílẹ̀ fún òbí, ó ṣe dáadáa nìyẹn lójú wọn, wọ́n tiẹ̀ ní ó ń mú ẹ̀mí gùn. Àgbà tí pósí ẹ̀ ti wà nílẹ̀ máa ń sùn fọnfọn, èyí tí ò ní ni kì í sùn.

Lọ́dún 2018 ìjọba wá gbé e dé ní Jiangxi yẹn pé ìsìnkú ilẹ̀ ti tán, sísun ni wọ́n á máa sun òkú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọlé onílé, wọ́n ń kó pósí àwọn arúgbó. Fídíò wà níbi tí katapílà ti ń fọ́ wọn wómúwómú lórí pápá, ariwo pọ̀ débi pé ìwé ìròyìn ìjọba fúnra ẹ̀ bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 2014, ní Anqing ní ìpínlẹ̀ Anhui, òfin sísun òkú máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ìròyìn sì gbé e pé àwọn arúgbó kan para wọn kó tó dọjọ́ náà, kí wọ́n lè bá pósí wọn wọlẹ̀. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń sọ látòkè, èyí ló bà mí lẹ́rù jù, pósí inú pálọ̀ ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Àwọn ará Guangdong náà ní tiwọn, lẹ́yìn bí ọdún 5 sí 7 wọ́n á hú òkú, wọ́n á nu egungun ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́, wọ́n á tò ó sínú ìkòkò bí ẹni tó jókòó, ti ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, agbárí lókè pátápátá. Èyí ò dẹ́rù bà mí, ìtọ́jú ni.

Ọmọ_Àlàdé:

Haa! Ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú àyà líle o. Òkú tó ń fò lóru ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyẹn.

Ògbójú_Òǹkàwé:

Ti Xiangxi nìyẹn, ìwọ̀-oòrùn Hunan, orí òkè lórí òkè. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá lọ ṣiṣẹ́ síbi tó jìnnà tó sì kú sọ́hùn-ún, wọ́n gbà pé ilé ló gbọ́dọ̀ padà sí kí ẹ̀mí ẹ̀ tó sinmi, kò sì sí ọ̀nà ọkọ̀. Ìtàn ní àwòrò á lẹ bébà aláwọ̀ ìyeyè mọ́ òkú níwájú orí, á máa lu agogo, àwọn òkú á máa fò tẹ̀lé e, ará abúlé tó bá gbọ́ agogo á sáré tilẹ̀kùn. Àlàyé tó bọ́gbọ́n mu jù tí mo ti gbọ́ ni pé ọparun gígùn méjì ni wọ́n fi ń gbé wọn, ọkùnrin kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n á so àwọn òkú mọ́ ọn lórí ìdúró, ọparun sì máa ń fì sókè sódò béèyàn bá ń rìn, tó o bá wá yọjú lójú fèrèsé nínú òkùnkùn, kí lo máa sọ pé o rí? Èmi gba ìyẹn gbọ́ ju òògùn lọ. Àwọn kan tún ní àwọn onífàyàwọ́ ló ń fi agogo yẹn lé èèyàn kúrò lọ́nà, ìyẹn náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà Tujia lágbègbè yẹn kan náà, ìyàwó wọn á máa sunkún bí oṣù kan kó tó relé ọkọ, ẹkún ìyàwó ni, àwa náà ní in, àmọ́ tiwọn ní ibì kan tó jẹ́ pé èébú ni ìyàwó á máa bú alárinà, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí. Èyí tí ò bá mọ ẹkún sun dáadáa, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ ò tíì gbọ́ ti àwọn oníjó tó ń bọ́ra síhòòhò níbi ìsìnkú. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Iyì òkú ni kí èrò pọ̀, àwọn kan bá rò ó pé kí ló lè pe èrò tó ìyẹn. Lọ́dún 2006 wọ́n mú èèyàn 5 lórí ẹ̀ ní Donghai, ìpínlẹ̀ Jiangsu, síbẹ̀ lọ́dún 2015 Mínísírì Àṣà wọn ṣì tún ń pariwo lórí ẹ̀ ní Handan. Òkú ń bẹ nínú pósí, àwọn ọmọdé wà láàárín èrò.

Kò_Sí_Wàhálà:

Èmi tí mo ní mò ń sá lọ, mo ṣì wà níbí o. Ẹnì kan sọ fún mi pé wọ́n ń fi ìtọ̀ ọmọdé se ẹyin. Ìyẹn irọ́ ni, àbí?

Ògbójú_Òǹkàwé:

Òótọ́ ni. Dongyang, ní Zhejiang. Ìtọ̀ ọmọkùnrin tí ò tíì tó ọmọ ọdún 10, iléèwé ni wọ́n ti ń lọ gbà á, wọ́n á gbé ike kalẹ̀ káwọn ọmọ máa tọ̀ sí i. Wọ́n á se ẹyin nínú ẹ̀, wọ́n á fọ́ èèpo ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè wọlé, wọ́n á tún dá a padà síná, ó ń pẹ́ gan-an. Wọ́n ní tó o bá jẹ ẹ́ nígbà ìrúwé, oòrùn ò ní mú ẹ. Lọ́dún 2012, ẹyọ kan jẹ́ 1.5 yuan, ẹyin lásán ò tó iye yẹn. Ìlú ọ̀hún ti kọ ọ́ sínú ìwé àṣà tí wọ́n fẹ́ tọ́jú láti ọdún 2008.

Ọmọ_Àlàdé:

Mo ti ń jẹ ẹyin lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ o. Ẹ ṣeun. Àǹtí Àdùkẹ́, àlejò lè wá wo eré Baoji yẹn, àbí àwọn ará ibẹ̀ nìkan ni?

Àdùkẹ́_Xian:

Ẹnikẹ́ni ló lè wò ó, èrò máa ń kún ojú pópó fọ́fọ́. O lè yà wọ́n ní fọ́tò, inú wọn a máa dùn sí i. Ibi tí wọ́n ti ń kun ara ni kó o má sún mọ́, àwọn ọkùnrin wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń lé èèyàn, wọ́n lé èmi náà.