Nígbà tí ìjọba bá dín owó ìtọ́jú ọpọlọ kù, ọrùn ta ni ẹrù náà ń bọ́ sí?

Àdùkẹ́ Ọmọ Àgbẹ̀ béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Àbúrò mi ọkùnrin ti ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Oògùn tí wọ́n fún un bá a lára mu, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ rẹ̀, ó sì ń wọn aṣọ fún àwọn oníbàárà, ó ń gbowó, láìsí ẹni tó dúró tì í. Ohun tó mú kí ó rọrùn fún wa ni pé nọ́ọ̀sì méjì àti dókítà kan máa ń wá láti ilé ìwòsàn ńlá náà sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wọn á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún odindi oṣù, wọn á bi í bí oorun rẹ̀ ti rí, wọn á ní kí ó na ọwọ́ kí wọ́n lè wò ó bóyá ó ń gbọ̀n, wọn á sì bá ìyá wa sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀.

Wọn kò wá mọ́ báyìí. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé kò sí owó epo ọkọ̀, àti pé àṣẹ ti wá láti òkè pé kí wọ́n dín ìnáwó kù. Bí a bá fẹ́ abẹ́rẹ́ náà, a gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí ìlú, kí a san owó káàdì, kí a sì tún gba ìwé lọ ra oògùn náà níta, nítorí kì í sábà sí nílé oògùn tiwọn. Àbúrò mi ti fo oṣù kan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru, ó ń dá ohùn tí àwa kò gbọ́ lóhùn, ó sì ti kó aṣọ oníbàárà kan tó ti gé tán pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní àwọn kan fẹ́ fi ṣe òun níbi.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, owó tí ìjọba sọ pé òun dín kù yìí, ṣé lóòótọ́ ni ó ń ṣẹ́kù sọ́wọ́ ìjọba? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tí kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀ yìí gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ gé? Ibo ni kí àwa ẹbí gbà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà dáhùn pé:

Àdùkẹ́, ọmọ mi, o kú ìtọ́jú àbúrò rẹ. Kí n tó dáhùn ìbéèrè rẹ, jọ̀wọ́, má ṣe jẹ́ kí oṣù kejì kọjá láìgba abẹ́rẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ oṣooṣù kì í tán lára lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń dín kù, ìdí nìyẹn tí ẹbí fi máa ń rò pé kò sí ewu títí tí oorun yóò fi kọ́kọ́ dàrú. Àwọn àmì tí o kà sílẹ̀ wọ̀nyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gba pé kí ẹ yá owó ọkọ̀, ẹ yá a. Ẹ má ṣe fún un ní ìlọ́po méjì oògùn oníhóró láti fi dípò abẹ́rẹ́ tó fò, ẹ má sì ra oògùn náà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri.

Ó ti pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bí owó ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ṣe ń rìn kò tíì yí padà púpọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí nínú ìwé ìṣúná: owó oṣù òṣìṣẹ́, owó ìnáwó ojoojúmọ́, àti owó iṣẹ́ àkànṣe bíi ilé kíkọ́ àti ẹ̀rọ rírà. Kò rọrùn láti fọwọ́ kan owó oṣù, nítorí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò dìde lọ́jọ́ kejì. Inú owó ìnáwó ojoojúmọ́ ni epo ọkọ̀ wà, pẹ̀lú oúnjẹ àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù, epo jẹnẹrétọ̀, ọṣẹ, omi àti owó iná. Ọ̀tọ̀ sì ni kí wọ́n kọ owó sínú ìwé ìṣúná, ọ̀tọ̀ ni kí owó náà dé ọwọ́ ilé ìwòsàn. Ó lè wà nínú ìwé láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá kí ó má sì dé, kò sì sí ẹni tí yóò pe ìyẹn ní gígé owó. Gbogbo wa la ṣáà rí bí wọ́n ṣe gé iná ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 nítorí gbèsè, tí àwọn aláìsàn àti òṣìṣẹ́ sì wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní 100 ọjọ́.

Ti oògùn tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986 ni ìjọba ti ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n ń ní kí aláìsàn máa sanwó ohun tó bá gbà. Bí ilé oògùn ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wọn á fi owó kan ra oògùn, wọn á tà á, wọn á sì fi owó tí wọ́n pa ra òmíràn. Ètò náà dára bí owó náírà bá dúró síbì kan. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú iye náírà sílẹ̀, owó tí wọ́n rí lórí páálí mẹ́wàá lè máà ra páálí márùn-ún padà, nítorí òkèèrè ni púpọ̀ nínú oògùn náà ti ń wá. Bí selifu ṣe ń ṣófo nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí ohunkóhun.

O béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ìrìnàjò sí àdúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá dúró. Ariwo rẹ̀ kì í tètè jáde ni. Bí oúnjẹ bá wọ́n ní wọ́ọ̀dù ní òwúrọ̀, kí ó tó di ọ̀sán gbogbo ọ̀gá yóò ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kò bá lọ sí àdúgbò yín lóṣù yìí, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ìyá yín nìkan ni kò ní sùn.

Ọmọ Èkìtì ní Chicago dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run yóò wo àbúrò yín sàn. Iṣẹ́ mi níbí ni láti máa bá àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ wá ilé, oògùn àti ìtọ́jú. Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ fèsì sí, nítorí ìlú tí mò ń gbé ti gbìyànjú irú ìdínkù yìí, àbájáde rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ayé.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, gbogbo àwọn 50 tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú Chicago fọwọ́ sí ìṣúná tí Rahm Emanuel, olórí ìlú nígbà náà, gbé wá. Ìlú náà ní kílínìkì ìlera ọpọlọ 12, ìṣúná ọ̀hún sì ní kí wọ́n ti 6 nínú wọn pa. Oṣù Kẹrin ọdún 2012 ni wọ́n tì wọ́n. Owó tí wọ́n sọ pé yóò ṣẹ́kù kò ju mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta dọ́là lọ́dún, nínú ìṣúná tó lé ní bílíọ̀nù 6. Àwọn tó ń gba ìtọ́jú ní kílínìkì Woodlawn, ní gúúsù ìlú, ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn nínú ilé náà kí wọ́n má baà lè tì í, àwọn ọlọ́pàá sì kó ohun tó lé ní 20 èèyàn lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Illinois náà ń gé tirẹ̀ lọ́wọ́ kan náà: láàárín ọdún 2009 sí 2012, ó yọ ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là kúrò nínú owó ìlera ọpọlọ, ó sì ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Tinley Park pa ní oṣù Keje ọdún 2012 kan náà.

Ibo wá ni àwọn aláìsàn náà lọ? Àwọn kan bá dókítà lọ sí àwọn kílínìkì tó ṣẹ́kù, àwọn kan sì pòórá kúrò nínú ìwé. Títí di òní, mo máa ń pàdé ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti fò ní yàrá pàjáwìrì, tàbí ní àtìmọ́lé nítorí pé ó wọ ilé onílé lọ sùn nígbà òtútù. Tom Dart, ṣẹ́rífù Cook County, ìyẹn kọ́ńtì tí Chicago wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ti sọ ọ́ títí pé ẹ̀wọ̀n òun ti di ọ̀kan lára àwọn ibi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà, pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tó wà níbẹ̀ ni ó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Nneka Jones Tapia, ni ó fi ṣe alákòóso ẹ̀wọ̀n náà. Ẹ̀wọ̀n tó gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sípò olórí ti di ilé ìwòsàn, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀.

Ẹ wo bí ìṣirò rẹ̀ ṣe lọ. Ìjọba ìlú ló ni kílínìkì, òun ló dín owó kù, òun ló sì kéde pé òun ṣọ́wó ná. Ìjọba kọ́ńtì ló ni ẹ̀wọ̀n àti ilé ìwòsàn pàjáwìrì tí aláìlówó ń lọ, òun ló wá ń san owó oògùn kan náà, pẹ̀lú owó wọ́dà, owó adájọ́ àti owó ibùsùn. Owó náà ṣẹ́kù nínú ìwé ẹni tó gé e, ó sì di gbèsè nínú ìwé ẹlòmíràn. Kò sì tuntun níbí. Ààrẹ Carter fọwọ́ sí òfin kan ní ọdún 1980 láti ti àwọn ibùdó ìlera ọpọlọ àdúgbò lẹ́yìn, ìjọba Reagan sì fagi lé púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ọdún 1981, ó dín owó náà kù, ó sì da ìyókù lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 2024, Chicago kéde pé òun yóò ṣí kílínìkì Roseland padà. Láti pa wọ́n dé gba oṣù mélòó kan, àtiṣí wọn padà ti gba ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá.

Olùkọ́ Ìlera Àwùjọ dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá àti ẹ̀gbọ́n wa ní Chicago, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a fi ojú wo ilé dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, ẹrù náà bọ́ sọ́rùn ẹ̀ka ìjọba mìíràn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹbí ló ń bọ́ sí lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn nínú ìwé ìṣirò kankan. Télọ̀ tó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba, ìyá tó ta kóńgò ìrẹsì rẹ̀ kí ó lè san owó ilé àdúrà kò sí níbẹ̀, ẹni tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ igi lẹ́yìn ilé kò sí níbẹ̀ náà. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ṣe láàárín oṣù 12, nǹkan bí 8 péré nínú 100 ló rí ìtọ́jú gbà.

Ohun kan wà tí n kò gbà pátápátá nínú ọ̀rọ̀ Màmá. Gígé owó nìkan kọ́ ni ìṣòro wa, bí a ṣe ń pín ìwọ̀nba tó wà pàápàá kò dára. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe pẹ̀lú ìjọba wa ní ọdún 2006 sọ pé nǹkan bí 3.3 nínú ìdá 100 owó ìlera ló ń lọ sí ìlera ọpọlọ, àti pé ohun tó lé ní 90 nínú ìdá 100 ìyẹn ń lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ńlá. Bí gbogbo owó bá wà ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀ka tó jìnnà sí i ni yóò kọ́kọ́ gbẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlànà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wa nígbà kan rí. Nígbà tí Dókítà Adeoye Lambo dé ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, ilé ìwòsàn náà kò tíì parí, ó sì fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé mẹ́rin tó yí i ká, pẹ̀lú ẹbí kan tó tẹ̀ lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀, wọ́n ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko ní ọ̀sán. Owó tí ìyẹn ń ná ìjọba kéré gan-an sí ti wọ́ọ̀dù. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà, wọ́n ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé bí wọ́n ṣe lè mọ àìsàn ọpọlọ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀.

Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, tó rọ́pò òfin tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ọdún 1916, pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó àkànṣe sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ. Òfin yẹn ni kí ẹ dìrọ̀ mọ́ bí ẹ bá ń kọ̀wé.

Àdùkẹ́ Ọmọ Àgbẹ̀ fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀ o. Mo ti yá owó ọkọ̀, ọjọ́ Ajé la ó lọ. Ẹbí bíi mẹ́fà ni mo mọ̀ tó ń gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wa tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ni nǹkan ti le fún. Màmá, ṣé nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé wa kò lè gún un, bí dókítà bá kọ ọ́ sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà dáhùn pé:

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó sì yẹ kí ẹ béèrè lọ́jọ́ Ajé nìyẹn. Ẹ ní kí dókítà kọ ìwé sí nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, kí ó kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn gbà á, àti àmì tó yẹ kí wọ́n rí kí wọ́n tó dá a padà sí ìlú. Ẹ bi í bóyá irú oògùn kan náà wà tó ti pẹ́ lórí àtẹ, tí owó rẹ̀ sì kéré, ẹ má tijú láti sọ iye tí agbára yín ká. Kí ẹbí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ máa ra abẹ́rẹ́ náà pa pọ̀ ní ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹnì kan ṣoṣo máa lọ gbé e wá. Ẹ sì jọ fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo sí ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí alága ìjọba ìbílẹ̀ yín àti aṣòfin tó ń ṣojú yín l'Abuja. Ẹ kọ iye aláìsàn tó ń gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀, iye tí abẹ́rẹ́ tiwọn ti fò, àti iye tí epo ọkọ̀ kan ń jẹ lóṣù, nítorí owó epo yẹn gan-an ni kí wọ́n dá padà.