Omele ẹ̀rọ: ẹ jẹ́ ká fi "orin ìmọ̀-ẹ̀rọ àdánwò" sílẹ̀ jàre

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ kú àjọrò. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ lórí orin tẹ́kínò (techno, orin ijó tí ẹ̀rọ ń lu ìlù ẹ̀) tí wọ́n fi gìtá sí yìí, mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ṣágámù ti kọ ọ́ pé "orin ìmọ̀-ẹ̀rọ àdánwò" ló yẹ kó wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè fún ohun tí òyìnbó ń pè ní experimental techno, tí àwọn kan sì ti ń sọ pé àmín sí i, mo ní rárá o, ẹ jẹ́ ká ṣì fara balẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá wa ní ìbẹ̀rẹ̀: àbúrò wa kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń wá nǹkan míì lórí YouTube, ló bá ṣalábàápàdé Manuel Göttsching, onígìtá ọmọ Jámánì kan láti Berlin, orin náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó fẹ́ kọ nǹkan nípa ẹ̀ ní Yorùbá, ló wá béèrè lọ́wọ́ wa pé kí lòun máa pe irú orin yìí. Ìbéèrè kékeré ni, àwa la sọ ọ́ di ẹjọ́.

Mo lọ gbọ́ orin ọ̀hún kí n tó fèsì, torí mo rí i pé àwọn kan nínú wa ń wá orúkọ fún ohun tí wọn ò gbọ́ rí. Göttsching ti ń ta gìtá látìgbà tí àwọn ọdún 1970 ti bẹ̀rẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ Ash Ra Tempel. Lóṣù Kejìlá ọdún 1981, ó dá jókòó sínú sitúdíò ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Berlin, ó tan àwọn ẹ̀rọ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin sílẹ̀, kò dúró, kò tún un ṣe, bó ṣe ń jáde ló ń gbà á, ó tó bíi wákàtí kan. Àlàyé tóun fúnra ẹ̀ ṣe nígbà tó wà láyé ni pé òun fẹ́ wọ bàálù lọ sí Hamburg lọ́jọ́ kejì, òun sì ń wá nǹkan tóun máa fi sétí lọ́nà. Ọdún 1984 ló tó jáde ní àwo, ó sọ ọ́ ní E2-E4. Àwọn tó ń ta chess máa mọ ìyẹn, ọmọ ayò tó wà níwájú ọba funfun ló gbéra ní ilé kejì tó bọ́ sí ilé kẹrin. Onígìtá náà á tún rí tiẹ̀ níbẹ̀, torí okùn gìtá tó nípọn jù, E2 ni wọ́n ń yí i sí, èyí tó tín-ín-rín jù, E4.

Ohun tó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa ni pé gìtá ò tètè dé níbẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá tan orin yẹn, ẹ̀rọ lẹ máa gbọ́, ohùn méjì tó ń pààrọ̀ ara wọn àtàwọn ìlù wẹ́wẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, ó máa tó bí ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó gbọ́ kí okùn gìtá ẹyọ kan dún. Ẹni tí kò bá ní sùúrù ti máa fò ó. Mo sọ eléyìí torí pé orúkọ tá a bá fún un gbọ́dọ̀ bá ohun tí etí ń gbọ́ mu.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa. "Ìmọ̀-ẹ̀rọ" ní tiwọn ni pé ó túmọ̀ sí technology, techno sì jáde láti ibẹ̀, ó parí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò parí. Àwọn ọmọ Detroit tó bẹ̀rẹ̀ orin yìí ní Amẹ́ríkà, Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, tí wọ́n jọ lọ iléèwé girama ní Belleville, wọn ò jókòó ṣe ìwádìí èdè kankan. Atkins rí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé Alvin Toffler tó jáde lọ́dún 1980, ibi tí bàbá yẹn ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan tó pè ní techno rebels, ó wù ú, ó mú un. Ìgbà tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ yẹn sójú àwo àkójọ orin wọn tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1988 ni gbogbo ayé dá a mọ̀. Orúkọ tó wu èèyàn ló fi sọ ọmọ ẹ̀. Tá a bá wá ń pe orin yẹn ní orin ìmọ̀-ẹ̀rọ, iléèwé tẹ́kíníkà lèèyàn máa rò, wọ́n á ní orin táwọn akẹ́kọ̀ọ́ wẹ́dà ń kọ nìyẹn.

Àwa náà ṣáà mọ irú ẹ̀. Ta ló túmọ̀ fújì nínú wa? Alhaji Sikiru Ayinde Barrister sọ ọ́ fúnra wọn pé pátákó òkè Fuji ti Japan làwọn rí ní pápákọ̀ òfuurufú táwọn fi mú orúkọ yẹn. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ní ká lọ wá ojúlówó Yorùbá fún un, ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá sì sọ fún yín pé fújì kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ ní kó lọ sọ ọ́ níwájú Wasiu Ayinde ní Fìdípọ̀tẹ̀, kó wá rí i. Torí náà ní tèmi, ẹ jẹ́ kí tẹ́kínò máa jẹ́ tẹ́kínò. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi àmì sí i, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

"Àdánwò" yẹn ló burú jù. Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yẹn nílé ni? Mo sọ fún màmá mi pé orin àdánwò ni mo ń gbọ́, wọ́n ní, "Àdánwò kẹ̀? Ọlọ́run ò ní jẹ̀ẹ́ kó o rí àdánwò, pa á." Kò sóhun tẹ́ ẹ lè fi ṣàlàyé ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àdánwò ti wà nínú àdúrà, òun la máa ń ní kí Ọlọ́run mú kúrò lọ́nà wa. Tẹ́ ẹ bá sì sọ ọ́ di "ìdánwò", WAEC nìyẹn.

Àǹtí wa tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ká pè é ní "orin oníná". Èyí sàn díẹ̀, ó kéré tán èèyàn á mọ̀ pé iná mànàmáná wà níbẹ̀, àmọ́ gìtá oníná ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́, gbogbo gìtá tí King Sunny Adé tò sẹ́yìn, oníná ni, bẹ́ẹ̀ jùjú ni wọ́n ń kọ. Bí iná bá jẹ́ ohun tí a fi ń ya orin sọ́tọ̀, àfi ká yáa kó gbogbo olórin Nàìjíríà sínú àpò kan náà, ká wá kó àwọn tí jẹnẹrétọ̀ wọn ò ṣiṣẹ́ sínú àpò kejì.

Ohun tó wà lọ́kàn mi rèé. Yorùbá kì í sáábà fi ohun tí nǹkan jẹ́ pè é, iṣẹ́ tó ń ṣe la máa ń wò. Asọ̀rọ̀mágbèsì, ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Amóhùnmáwòrán, amúlétutù, gbogbo ẹ̀ iṣẹ́ ni. Ẹ ò wá ní gbé ìbéèrè yẹn bí àwa ṣe ń gbé e látọjọ́ yìí, pé kí ni techno túmọ̀ sí. Ẹ béèrè pé kí ni ẹ̀rọ ń ṣe níbẹ̀, kí sì ni gìtá ń ṣe.

Bàbá onílù kan wà ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, àwọn ni wọ́n máa ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ wa tó bá di Òjúde Ọba. Mo gbé fóònù mi lọ bá wọn lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fa ọṣán ìlù, mo so ó mọ́ sípíkà kékeré kan, mo tan orin náà láìsọ nǹkan kan. Wọn ò gbójú sókè, wọ́n ń fa ọṣán wọn lọ, àmọ́ mo rí i pé ìka ẹsẹ̀ wọn ti ń lù ú. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, "Omele rèé. Ìyáàlù dà?" Mo fa orin yẹn síwájú dé ibi tí gìtá ti wọlé. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dé." Wọ́n bá tún tẹ̀ síwájú nídìí ọṣán wọn.

Ẹ̀yin ará, kí la tún ń wá? Ẹni tó bá ti dúró ti agbo dùndún rí mọ̀ pé àwọn ìlù kéékèèké tó ń gbe ìyáàlù lẹ́sẹ̀ là ń pè ní omele, gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan, ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló máa sọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kẹríkẹrì náà ní ibi tó ń jẹ́ tiẹ̀, orí àwọn wọ̀nyí ni ìyáàlù ń gùn tó fi ń kì èèyàn tó fi ń pòwe. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe nínú tẹ́kínò nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹ wo ẹ̀rọ ìlù tí Roland ṣe ní Japan lọ́dún 1980, TR-808 (Japan náà ni o, àwọn èèyàn yẹn jẹ wá lówó orúkọ), bọ́tìnì 16 ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ máa tẹ èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dún, ó máa ka a láti 1 dé 16, ó tún padà sí 1, kò ní rẹ̀ ẹ́, kò ní ní kẹ́ ẹ fi owó sí iwájú orí òun. Ìlù ńlá ti tẹ́kínò tó ń dún gbì-gbì-gbì-gbì yẹn, orí 1, 5, 9 àti 13 ló máa ń bọ́ sí. Ẹ̀rọ yẹn ni mo fẹ́ ká máa pè ní omele ẹ̀rọ, kí ohun tó ń yí po náà máa jẹ́ àlùyípo. Gìtá tó bá wá gun orí ẹ̀, ó ń ṣe ìyáàlù.

Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹnì kan máa ní omele bàtá ń sọ̀rọ̀, pé omele mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ yẹn ń pòwe bí ìyáàlù. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn, àmọ́ ó ní láti kúrò nídìí iṣẹ́ omele kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa tó wà ní Babcock ní Ìlíṣàn ti sọ tiẹ̀ náà, ó ní ìdajì ohun tó ń yí po nínú orin Göttsching kì í ṣe ìlù rárá, ohùn dùùrù ni, báwo ló ṣe wá fẹ́ jẹ́ omele. Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi. Ọmọ mi, lọ gbọ́ àpàlà Haruna Ishola. Agídìgbo tó wà nísàlẹ̀ yẹn, awọ wo ló wà lára ẹ̀? Irin pẹlẹbẹ lórí àpótí ni, ìka ni wọ́n fi ń ta á, síbẹ̀ òun ló ń di ìsàlẹ̀ orin mú tí kò jẹ̀ẹ́ kó dà nù. Iṣẹ́ ni mo ń wò, kì í ṣe awọ. Àbúrò wa tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gan-an, Ìjẹ̀bú-Igbó ẹ lọ́hùn-ún ni Haruna Ishola ti ṣí sitúdíò Phonodisk lọ́dún 1979, èyí tó lè gba ohùn 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọdún méjì ṣáájú kí Göttsching tó gba tiẹ̀ sílẹ̀ ní Berlin. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti orin ò kan ìlú ẹ̀.

Ẹlòmíì tó ní gìtá ò bá tẹ́kínò tan, pé àdàlù ni, ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Cybotron, ẹgbẹ́ tí Juan Atkins wà kó tó dá dúró, wọ́n ní onígìtá nínú wọn. Lọ́dún 1989, àwọn ọmọ Ítálì kan gé lára orin Göttsching yìí, wọ́n fi ṣe orin ijó, Derrick May ti Detroit náà wá fọwọ́ kan orin ijó ọ̀hún nígbà tó yá. Wọ́n ti ń yá nǹkan lọ́wọ́ ara wọn tipẹ́.

Ó ku "experimental". Mi ò rò pé orin la máa fi ọ̀rọ̀ yẹn pè, olórin ni. Kí ló ń ṣe? Ó ń dán ohùn wò. Mo bá ní adánhùnwò. Àwọn onígírámà ti ń bọ̀, wọ́n á ní òfin ìpajẹ fáwẹ́lì ò gbà á, pé bó ṣe jẹ́ amóhùnmáwòrán ló ṣe yẹ kó jẹ́ adóhùnwò. Mo gbọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti pa "án" yẹn jẹ, ta ló máa mọ̀ pé "dán" wà níbẹ̀? Ẹ fi sílẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò bá lè tú sí wẹ́wẹ́ fúnra ẹ̀ láìbi ọ̀jọ̀gbọ́n, kò ní kúrò nínú ìwé.

Àbúrò, tó o bá fẹ́ kọ ọ́, wò ó báyìí: "Manuel Göttsching, onígìtá adánhùnwò ọmọ Jámánì, fi omele ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dún fún bí ìdajì wákàtí kó tó ta gìtá lé e." Kà á sókè fún ẹni tó bá wà nílé, kó o wo ojú ẹ̀.

Synthesizer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ṣẹ̀dá ohùn orin, òun nìkan ni mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní dùùrù oníná, torí dùùrù nínú Bíbélì háàpù Dáfídì ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì ọ́gáànì ni, tá a bá tún gbé ẹ̀kẹta lé e kò ní gbà mọ́. Àǹtí Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀yin ló kàn.