Orin nìkan lọmọ mi fi ń rántí ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù la wà. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3, mo sì fẹ́ kó gbọ́ Yorùbá dénú. Tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́ lálẹ́, orin ni mo fi ń kọ́ ọ: màá fọwọ́ kan imú mi, á fọwọ́ kan tiẹ̀, màá di etí mú, òun náà á di tiẹ̀ mú. Kì í ṣì í. Àmọ́ tá a bá wà nídìí oúnjẹ, tí mo nawọ́ sí imú mi, tí mo bi í pé "Kí nìyí?", á kàn máa wò mí. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ orin yẹn jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ́ títí ó fi dé ibi imú, kó tó dá mi lóhùn. Àánú ẹ̀ ṣe mí.

Ohùn orin òyìnbó ni mo kọ́kọ́ lò, ó sì ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́: "ọwọ́" di "ọwọ̀", bí ẹni ń pe ìgbálẹ̀. Mo wá fúnra mi ṣe èyí tó bá ohùn Yorùbá mu, ìyẹn sì dáa. Káàdì alááwòrán ò wù ú rárá. Màmá mi ní kí n máa dánu dúró láàárín orin kó lè parí ẹ̀; ó ń parí ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú orin náà ló mọ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́mọ sókè òkun, báwo lẹ ṣe mú ọ̀rọ̀ kúrò nínú orin wá sínú ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ yín lójoojúmọ́?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dáhùn.