Ọmọ tuntun tó ń sọ kántankàntan nínú poro

Èmi ni mo máa ń darí àwọn alágbàṣe lóko wa. Ìgbà tí ooru mú jù ni ọmọkùnrin kan dé bá wa, ṣọ́ọ̀bù ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tó dé, oòrùn ti kàn wá látàrí, a ń roko. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọ̀lẹ. Bí a bá ní ká lọ mumi, á ní kí òun parí poro tó wà lọ́wọ́ òun ná. Ìgbà tó yá, mo rí i tó ń ro ibi tí a ti ro kọjá. Mo pè é, ó sì jẹ́ mi, àmọ́ kántankàntan ló ń sọ. Ó ní ìgbà wo la máa ti ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí.

Òógùn ló tàn mí jẹ. Ẹ̀wù rẹ̀ rin gbingbin, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ti ń gbọ́ ni pé ẹni tí ooru bá ti mú débi ewu kì í làágùn mọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára lè máa làágùn lọ, kí ara rẹ̀ sì ti gbóná ju 40°C. Ọ̀rọ̀ tó dàrú yẹn ni kí ẹ máa wò.

Màmá kan nínú wa ló pariwo pé ká yé bi í ní ìbéèrè. A gbé e sábẹ́ igi, a bọ́ bàtà àtẹ̀wù rẹ̀, a da gbogbo omi inú kẹ́ẹ̀gì sí i lára, ẹnì kan ń fi páálí fẹ́ ẹ, ẹlòmíràn ń pe áńbúláǹsì. Mo fẹ́ fún un lómi mu, màmá gbá ọwọ́ mi dànù: omi lè gba ọ̀nà èémí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

Ó yè é. Láti ìgbà náà, ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ ni mò ń fún ẹni tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màá wá máa fi ìdá kan kún un lójoojúmọ́.

*

Ẹlòmíràn lèmi o: oògùn kòkòrò ni mò ń fín nígbà tí ooru mú èmi náà, nínú aṣọ rọ́bà. Pajápajá mú mi lẹ́sẹ̀, èébì ń gbé mi. Bẹ́ẹ̀ mo ti mu omi líítà kan láàárọ̀ o! Ní báyìí, ife kan ni láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, òùngbẹ ìbáà gbẹ mí tàbí kó má gbẹ mí. Kùtùkùtù ni mo sì ń fín in.

*

Ẹ ò tíì sọ tàwa obìnrin. Omi wà lóko wa, ibi tí a ó ti tọ̀ ni kò sí. Nítorí náà mo máa ń pa òùngbẹ mọ́ra títí dìrọ̀lẹ́, ìtọ̀ mi á ti ṣú, orí á máa fọ́ mi. Nígbà tí a sọ̀rọ̀, ọ̀gá rò pé ibi tí a ó ti máa sá fúnṣẹ́ la ń wá. Nígbẹ̀yìn wọ́n fi tapólì yí ibì kan ká létí oko. Garawa omi tó máa ń ṣẹ́ kù dìrọ̀lẹ́, kó tó di ọ̀sán ló ń gbẹ báyìí.