Búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n tuntun tí wọ́n fi irun ẹlẹ́dẹ̀ ṣe: báwo ni ó ṣe ń rọ̀?

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní òkè òkun ló fi búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n kan ránṣẹ́ sí mi ní oṣù tó kọjá, nítorí ó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá èyí tí n ó máa fi po ọṣẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, dípò kí n máa fi ìka pa á. Igi ni ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́: ìdí irun náà fẹ̀ tó mìlímítà 24, irun tó yọ jáde láti ẹnu igi sì gùn tó mìlímítà 55.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ti lò ó, inú mi kò sì dùn sí i. Gbàrà tí omi kàn án ni òórùn bíi ti ẹran tí òjò pa gba gbogbo balùwẹ̀. Irun rẹ̀ ń gún mi lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ìgbálẹ̀ tuntun. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọṣẹ tó hó tó kún àwo dáadáa a ti pòórá kí n tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, bí ẹni pé búrọ́ọ̀ṣì náà ń mu ún. Irun bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà sì ń já mọ́ mi ní àgbọ̀n ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n da omi tó ń hó lé e lórí, kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí n sì fi àlùmọ́gàjí rẹ́ orí irun náà díẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kí ẹni tó ti lo irú rẹ̀ rí sọ fún mi bóyá búrọ́ọ̀ṣì náà ni kò dára, tàbí èmi ni n kò mọ bí a ṣe ń lò ó.

Bàbá Olùkọ́, Ìjerò

Àbúrò mi, jọ̀wọ́ gbé àlùmọ́gàjí náà padà sí ibi tí o ti mú un. Kò sí ohun tó ṣe búrọ́ọ̀ṣì rẹ. Tuntun ni ó ṣì jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń lo irun ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí sì ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò gún mi lójú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Wo orín tí a fi ń rin ẹnu. Nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, igi lásán ni, ó sì lè dá egbò sí ìdí eyín. Ìwọ fi itọ́ rin ín, o rún un díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ là sí fọ́nrán-fọ́nrán, ó sì rọ̀. Ohun tí irun ẹlẹ́dẹ̀ ń ṣe náà nìyẹn. Orí irun kọ̀ọ̀kan máa ń là sí méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó ti ń rin, tí ó ń gbẹ, tí ó sì ń fara ra awọ ojú. Orí tó là yẹn ni ojú yóò máa gbádùn, ṣùgbọ́n ìdí irun náà yóò wà ní líle bí ó ṣe wà, líle rẹ̀ yìí ló sì ń fún un lágbára láti gbé irùngbọ̀n dìde àti láti kó ọṣẹ tó le. Bí o bá fi àlùmọ́gàjí rẹ́ orí rẹ̀, ibi tí ń là gan-an ni o gé sọnù, kùkùté ló sì kù tí o fẹ́ fi pa ojú.

Ní ti ọṣẹ tó ń pòórá, òótọ́ ni pé búrọ́ọ̀ṣì náà ń mu ún. Irun ẹlẹ́dẹ̀ máa ń fa omi sínú ara rẹ̀ gan-an, èyí tí irun àtọwọ́dá kì í ṣe. Bí o bá mú un ní gbígbẹ tí o kàn ti orí rẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀kan, inú ọṣẹ tó ti hó ni yóò ti lọ wá omi tí òǹgbẹ rẹ̀ ń fẹ́, ìfófó náà yóò sì kú. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ kí a tó lò ó, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan, bí kò ṣe ní gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ fá irùngbọ̀n.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, mo máa ń fi ọṣẹ ìfọrun tí kò le fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí òórùn ẹran lè dínkù. Kò ní lọ tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n yóò lọ. Lẹ́yìn náà ni n ó gbé e sínú ife omi fún ààbọ̀ wákàtí, kí irun nìkan wà nínú omi, kí omi má dé ẹnu ibi tí irun ti wọnú ọwọ́ rẹ̀. N ó fi í ra ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, n ó pò ó ní àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi hó kí ó sì ki, n ó sì fi ìfófó náà sílẹ̀ nínú irun di òwúrọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó ṣàn án, n ó gbọ̀n ọ́n, n ó sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá di ọjọ́ kejì. Gbígbẹ yẹn ṣe pàtàkì bíi rírẹ gẹ́lẹ́, nítorí pé rírin àti gbígbẹ léraléra ló ń mú kí orí irun là. Ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé e dé ojú. Lẹ́yìn èyí, ìṣẹ́jú márùn-ún nínú omi ti tó nígbà kọ̀ọ̀kan. O lè máa wẹ̀ lọ́wọ́ bí ó ti ń rin. Yóò tó ìgbà mẹ́wàá sí ogún tí o bá fi fá irùngbọ̀n kí ó tó rọ̀ tẹ́ ọ lọ́rùn, nítorí náà, ẹni tó ń fá tirẹ̀ lójoojúmọ́ yóò tètè dé ibẹ̀ ju ẹni tó ń fá a ní ọjọ́ Sátidé nìkan lọ.

Omi tó ń hó kọ́ o. Bí o bá ti dé Ìkógòsí rí, o mọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, tí ènìyàn lè ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí ara sì tù ú. Irú lílọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn ló yẹ irun ẹlẹ́dẹ̀. Omi tí a ń da gààrí sí láti fi ṣe ẹ̀bà yóò ba irun náà jẹ́, kò sì ní ṣe gọ́ọ̀mù tó so ìdí rẹ̀ mọ́ igi lóore.

Ayàwòrán, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun, sà. Obìnrin ni mí, n kò ní irùngbọ̀n tí mò ń fá, ṣùgbọ́n irun ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fi ń jẹun, nítorí pé irun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ búrọ́ọ̀ṣì tí àwa ayàwòrán fi ń kun ọ̀dà olóròóró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irun ìmàdò inú igbó ni. Rárá o, irun ẹlẹ́dẹ̀ tí ènìyàn ń sìn ni, ilẹ̀ Ṣáínà sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Irun tó wà ní ẹ̀yìn ẹran náà ló gùn jù tó sì le jù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí a máa to irun náà kí ìdí rẹ̀ wà nínú gọ́ọ̀mù, kí orí tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn sì wà lókè láìgé e; bí ó bá fẹ́ kí orí búrọ́ọ̀ṣì rí rùbùtù, bí ó ṣe tò ó ni yóò fi ṣe é. Nítorí náà, àìdọ́gba tí ẹ̀gbọ́n rí lórí irun yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe àléébù.

Ibì kan péré ni mo ti fẹ́ yàtọ̀ sí bàbá wa. Ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ igi sílẹ̀ nínú ọṣẹ di òwúrọ̀. Omi ọṣẹ yóò máa ṣàn sọ̀kalẹ̀ sí ìdí irun ní gbogbo òru, igi yóò mu ún, yóò wú. Bí ó bá tún gbẹ, yóò sún kì, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹnu rẹ̀ yóò sán, gọ́ọ̀mù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo ti pàdánù búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta sọ́wọ́ irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, ó sì dùn mí púpọ̀ nítorí owó ló lọ. Wákàtí méjì ti tó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣàn án, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ fi aṣọ ìnura gbá omi ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe inú àpótí balùwẹ̀ tí a tì pa. Ní àkókò òjò, ó lè máa gbẹ fún ọjọ́ kan ààbọ̀ níbí. Bí ẹ bá tì í mọ́lé ní tútù, yóò hu.

Irun márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ń já kò burú ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni gọ́ọ̀mù kò dì mú. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fa àwọn yòókù láti dán wọn wò. Ṣùgbọ́n bí oṣù kan bá kọjá tí ó ṣì ń já ní ìdì-ìdì, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á.

Bàbá Olùkọ́, Ìjerò

Ọmọ mi, òótọ́ ni o sọ. Ike ni ọwọ́ gbogbo èyí tí mo ti ń lò, n kò sì ronú kan ti igi nígbà tí mo ń kọ̀wé. Ọmọ Ọ̀yẹ́, wákàtí méjì tí ó sọ ni kí o tẹ̀ lé.

Onígbàjámọ̀, Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ jẹ́ kí n fi ti awọ ojú kún un, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa wà. Irun irùngbọ̀n àwa ènìyàn dúdú máa ń ká, bí a bá sì fá a tán, orí rẹ̀ lè yí padà wọnú awọ, kí kókó kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní àgbọ̀n àti ọrùn. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí irú kókó bẹ́ẹ̀ ń yọ sí, ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì tó ṣì le yí ojú po kíkankíkan. Ẹ po ọṣẹ nínú àwo ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì náà pa á sójú bí ẹni tó ń kun ilé, lọ sókè lọ sódò. Ìgbà tó bá rọ̀ tán ni yíyípo yóò wúlò, nítorí ó ń gbé irun dìde kí abẹ tó dé ibẹ̀. Kí ẹ sì fá a sí ọ̀nà tí irun dorí kọ.

Mo tún fẹ́ béèrè irú ọṣẹ tí ẹ̀gbọ́n ń lò. Bí ó bá jẹ́ ọṣẹ dúdú, ó ń hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi eérú tí a fi sè é mú kí ó lágbára, ìfófó rẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í sì í dúró pẹ́. Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ní ọ̀rá stearic acid púpọ̀ nínú, òun ló ń mú kí ìfófó rẹ̀ ki bí ògì tútù. Ẹ wo omi náà pẹ̀lú. Àwọn kànga kan wà tí ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú omi wọn nítorí èròjà òkúta tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi omi òjò dán an wò, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní búrọ́ọ̀ṣì yín, ìbáà jẹ́ àbúrò yín. Abẹ máa ń ha awọ, ẹ̀jẹ̀ sì lè kan irun búrọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé a rí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, láàrin ọdún 1914 sí 1918, àwọn ọmọ ogun kan kó àrùn anthrax láti ara búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n tí wọ́n fi irun ẹṣin tí a kò wẹ̀ mọ́ dáadáa ṣe. Mo kà nípa rẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́, kò sì kúrò lọ́kàn mi. N kì í ra èyí tí n kò mọ orísun rẹ̀ lórí àtẹ. Àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ Mùsùlùmí tí wọn kò fẹ́ kí irun ẹlẹ́dẹ̀ kan ojú wọn, ti irun àtọwọ́dá ni mo yà sọ́tọ̀ fún wọn. Kò nílò rírẹ, kò sì nílò sùúrù tí ẹ ń sọ yìí.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo padà wá jíyìn. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lónìí. Mo fọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́, mo fi ọṣẹ sínú rẹ̀ fún wákàtí méjì lálaalẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, mo sì ń fi í fá irùngbọ̀n ní ọjọ́ mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀. Òórùn náà lọ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹfà. Ní ìgbà keje tí mo fi fá irùngbọ̀n ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé kò gún mi mọ́. Nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, mo rí i pé orí ọ̀pọ̀ irun náà ti là bí orín tí bàbá wa sọ, àwọ̀ orí rẹ̀ sì ti ń funfun. Ọṣẹ dúdú ni mo ń lò tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ rẹ̀, ìfófó ń tó mi fá ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì máa ń ṣẹ́kù. Irun kan tàbí méjì ló ń já báyìí, nígbà mìíràn kì í já rárá. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣì le díẹ̀ ju èkejì lọ.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ mọ̀: mo ní ìrìn-àjò lọ sí Èkó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó sì fá irùngbọ̀n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí n ó gbéra. Ṣé mo lè fi í sínú ọ̀rá nínú báàgì?

Ayàwòrán, Adó-Èkìtì

Ẹ má fi í sínú ọ̀rá ní tútù. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi aṣọ ìnura kékeré tó gbẹ wé e láìtẹ orí irun rẹ̀, kí ẹ sì tú u síta gbàrà tí ẹ bá dé. Ní ti ẹ̀gbẹ́ tó le, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ẹ máa ń tẹ̀ mọ́ ojú. Ẹ máa yí ọwọ́ igi náà padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.